ÀWỌN ONÍGBÀGBỌ́ ÌṢÁÁJÚ ÀTI ÀWA LÓNÌÍ

Ibi Kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 2:41-47, 1 Kọ́ríńtì 15:1-8

Ẹ̀yin ìyá wa nínú Olúwa, nígbà tí àwọn ọmọ wa bá ń lọ sí ìjọ mìíràn, ìbéèrè kan sábà máa ń jẹ yọ: ìjọ wo gan-an ni ó dà bí ti àwọn onígbàgbọ́ ìṣáájú?

Ohun tí Pọ́ọ̀lù fi lé àwọn ará Kọ́ríńtì lọ́wọ́ kò gùn rárá: ikú Kristi nítorí ẹ̀ṣẹ̀ wa, ìsìnkú rẹ̀, àti àjíǹde rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Àwa náà ń jẹ́wọ́ rẹ̀ nínú Ìgbàgbọ́ Àwọn Àpọ́sítélì. Àwa àti Áńgílíkà àti Àgùdà kò jà lórí èyí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ìṣe. Ní nǹkan bí ọdún 155, Justin, onígbàgbọ́ kan tí ń kọ́ni ní Róòmù, kọ̀wé sí Késárì láti ṣàlàyé ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi wọn. Wọn a ka ìwé àwọn àpọ́sítélì àti ti àwọn wòlíì. Olórí a wàásù. Wọn a dìde gbàdúrà. Wọn a jẹ Oúnjẹ Olúwa, àwọn díákónì a sì gbé e lọ fún ẹni tí kò lè wá. Gbogbo èyí kò ṣàjèjì sí wa. Lẹ́yìn náà ni ó mẹ́nu ba owó. Ẹni tí ó ní a mú ohun tí ó bá wù ú wá, olórí a sì fi tọ́jú ọmọ òrukàn, opó, aláìsàn, ẹlẹ́wọ̀n àti àlejò. Kò dárúkọ owó ilé kíkọ́ níbẹ̀.

Ìgbàgbọ́ yìí kan náà ni ó dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Kí Thomas Birch Freeman, míṣọ́nárì Mẹ́tọ́díìsì, tó wọ Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá ọdún 1842, tí Ṣódẹkẹ́ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, àwọn Sàró onígbàgbọ́ ti wà níhìn-ín. Ní oṣù Kejì ọdún 1848 ni a ṣe ìrìbọmi fún Àfàlà, ìyá Àjàyí Crowther, tí a kó lẹ́rú pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ní 1821. Hannah ni wọ́n sọ ọ́.

Kíláàsì tiwa náà, ọ̀rọ̀ owó ni ó bí i. Ní Bristol, ọdún 1742, gbèsè ilé ìsìn wà lọ́rùn àwọn ènìyàn Wesley. Wọ́n dá a lábàá pé kí olúkúlùkù máa san kọ́bọ̀ kan lọ́sẹ̀. Àwọn kan ní agbára àwọn kò ká a. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan ní kí wọ́n fún òun ní àwọn mọ́kànlá tí ó tálákà jùlọ; bí wọn kò bá rí i san, òun yóò san án. Bí àwọn olórí ti ń lọ láti ilé dé ilé gba kọ́bọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá àti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yọ̀.

N kò bá aṣọ ẹgbẹ́ jà o. Èmi náà fẹ́ràn láti wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí akápò mú ìwé owó ẹgbẹ́ ti ọdún tó kọjá wá. Ẹ fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo owó tí ó lọ sọ́dọ̀ opó, aláìsàn tàbí ọmọ òrukàn. Kí akọ̀wé ka àròpọ̀ rẹ̀ sókè, kí ó sì ka iye tí a ná sórí àjọ̀dún tẹ̀lé e, kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò.