Ọkọ mi ń fi tramadol pa inú rírun: ṣé kó máa fara dà á ni?

LẸ́TÀ: Mo ń ta oúnjẹ ní Ore. Ọkọ mi, ẹni ọdún 36, ń wa ọkọ̀ láti Ore sí Benin. Ó tó ọdún mẹ́ta tí òkè ikùn ti ń ro ó dé ẹ̀yìn, pàápàá bó bá jẹun tán. Dókítà ní páńkíríásì rẹ̀ ló ń wú léraléra. Àwọn ẹbí ní ọtí ló fà á, bẹ́ẹ̀ kì í mutí, sìgá nìkan ló ń fà. Tramadol tó ń rà ní gáréèjì ti kúrò ní ẹyọ kan, ó ti di mẹ́ta lóòjọ́, kì í sì fẹ́ jẹun mọ́. Ṣé kó kàn máa fara dà á ni? — Ìyàwó rẹ̀, Ore.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú, arábìnrin wa. Kó má fara dà á, kó má sì fi kún tramadol náà. Àṣìṣe kan náà ló wà nídìí méjèèjì: a gbà pé ìrora kan ṣoṣo ni, pé yálà kí èèyàn gbà á mọ́ra tàbí kó wá oògùn tó le jù ú lọ. Ẹ̀yìn àpòlúkù ni páńkíríásì wà, nítòsí ọ̀pá ẹ̀yìn, ìdí nìyí tí ìrora rẹ̀ fi ń gba iwájú já sẹ́yìn. Òun ló ń pèsè omi tó ń mú oúnjẹ dà, pàápàá ọ̀rá, òun náà ló ń pèsè ínsúlínì tó ń ṣètò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Bó bá ń wú lọ́dún dé ọdún, àpá á bò ó, òkúta lè dí ojú ọ̀nà tí omi yẹn ń gbà jáde, kí omi wá há sẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn ń fa ìrora. Àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, tí wíwú náà ti bà jẹ́, ń fa tiwọn lọ́tọ̀, kódà nígbà tí nǹkan kan kò há. Oúnjẹ tí kò dà ń fẹ́ inú. Ìgbẹ́ tí tramadol mú kó gan tún dá kún un. Kò sí oògùn kan ṣoṣo tó lè bá gbogbo èyí jà, àfi kí dókítà wá èyí tó ń ṣe ọkọ yín gan-an rí.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹbí, òótọ́ ni pé ògógóró, paraga àti ọtí yòókù wà lára ohun tó ń ba páńkíríásì jẹ́ jù lọ láyé. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà wa ti mọ̀ pé kì í ṣe ọtí nìkan. Ní 1969, ìròyìn aláìsàn 45 tí òkúta ti dì sí páńkíríásì wọn, láti ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, jáde nínú British Medical Journal. Irú àìsàn yìí, tí wọ́n mọ̀ ní Íńdíà pẹ̀lú, máa ń mú ọ̀dọ́ tí kò mutí rí, ó sì máa ń fa àtọ̀gbẹ. Wọ́n fura sí gbágùúdá nígbà kan, àmọ́ ìwádìí kò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀rí tó wà nípa àbùdá tí a jogún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má bá gaari jà, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n máa dá ọkọ yín lẹ́bi. Mo tẹnu mọ́ ọn torí pé ẹni tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn kì í sọ òótọ́ fún dókítà mọ́. Sìgá nìkan ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jáwọ́ nínú rẹ̀: sìgá lásán, láìsí ọtí, ń fa àìsàn yìí, ó sì ń mú un yára burú. Kó má sì bẹ̀rẹ̀ ọtí láé, títí kan àgbo tí wọ́n fi ọtí pò.

Tramadol ń ṣiṣẹ́, n kò ní sọ pé kò ṣiṣẹ́. Àwọn dókítà ń kọ ọ́ bí paracetamol kò bá tó. Ewu ibẹ̀ ni ti gáréèjì, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Mílígíráàmù 50 ni ìwọ̀n kápúsù tí dókítà sábà máa ń kọ, gbogbo ti ọjọ́ kan kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 400. Èyí tí wọ́n ń pè ní 225 ní ìgboro, ẹyọ méjì péré ti ré kọjá ààlà. Ó lè fa gìrì, ó lè mú kí oorun gbé awakọ̀ láàárín àwọn tírélà. Bó bá sì pẹ́, iṣan lè túbọ̀ máa gbọ́ ìrora ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹ má já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, torí ara tí oògùn ti mọ́ lára á ṣàìsàn. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n lè fún un ní amitriptyline tàbí pregabalin fún ìrora iṣan. Ẹnìkan á ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí ti wárápá ni wọ́n fún un yẹn. Wọ́n ń lò wọ́n fún ìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń pa iná iṣan pẹ̀lú, kò sì túmọ̀ sí pé dókítà rò pé irọ́ ló ń pa.

Ẹ ní kì í fẹ́ jẹun mọ́. Ẹni tí oúnjẹ ń fún ní ìrora á sá fún oúnjẹ, kò burú. Ṣùgbọ́n ebi yóò mú kó rù sí i láìwo inú náà. Kó máa jẹ díẹ̀díẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà lójúmọ́: ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, kí epo má pọ̀ jù. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá ń léfòó, tó ń dán, tó sì ń rùn gan-an, ọ̀rá ni kò dà. Kápúsù pancreatin ni oògùn ibẹ̀, bó bá ti ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ àti bó bá jẹ ẹ́ dé ìdajì ni kó máa gbé e mì. Ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ bá àlùfáà yín sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó kọ̀ ọ́. Kì í sábà pa ìrora, ẹ má torí ìyẹn jù ú nù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò pẹ̀lú.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ abẹ ni ìgbẹ̀yìn, nígbà tí gbogbo oògùn bá ti kùnà. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Netherlands, tó jáde ní 2020, ta ko èyí. Aláìsàn 88 tí ojú ọ̀nà páńkíríásì wọn ti fẹ̀ ni wọ́n pín sí méjì: wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún apá kan, apá kejì kọ́kọ́ gba oògùn, bí ìyẹn kò bá tó, wọ́n á ki irinṣẹ́ gba ẹnu wọn wọlé láti ṣí ọ̀nà náà. Láàárín oṣù 18, ìrora àwọn tí wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún ló kéré jù. Kò yẹ gbogbo èèyàn. Síkáànì ló máa sọ bí ó bá yẹ ọkọ yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ gba ìwé láti ilé ìwòsàn ìjọba ní Ore lọ sí ti Fásitì ìmọ̀ ìṣègùn ní Ondo, tàbí Ifẹ̀, tàbí UCH. Owó á lọ sí i, ọjọ́ ọjà á sì lọ, mo mọ̀. Oògùn gáréèjì tó ti ń rà náà ti ná yín lówó láìtọ́jú nǹkan kan. Bí ẹ bá ń gbàdúrà, ẹ máa gbà á lọ, kò dí síkáànì lọ́wọ́.

Títí dìgbà náà, kó máa kọ ìgbà tí ìrora dé, ohun tó jẹ, àti iye oògùn tó lò sínú ìwé, kí dókítà lè rí i. Bí ìrora bá le lójijì pẹ̀lú èébì àti ibà, bí funfun ojú rẹ̀ bá ń di àwọ̀ ìyeyè, tàbí bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú bí ọ̀dà, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé: ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà.