Kí Ló Dé Tí A Fi Gbọ́dọ̀ Lo Oògùn Ibà Tán?

Ní àgbègbè Atakpamé, nígbà òjò, ibà a máa mú tọmọdé tàgbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lo oògùn ní ọjọ́ kan. Bí ara bá ti yá díẹ̀, wọn a gbé èyí tó kù pamọ́ de ibà mìíràn. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀? Rárá o. Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀.

Ọ̀nà tí oògùn ń gbà

Bí a bá gbé oògùn mì, ó ń ti inú ikùn bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń gbé e káàkiri ara. Ẹ̀dọ̀ ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ara sì ń lé e jáde díẹ̀díẹ̀.

Ẹ da igbá omi 16 sínú ìkòkò. Ní wákàtí méjì-méjì, ẹ máa bu ìdajì omi náà dànù. Yóò ku 8, lẹ́yìn náà 4, lẹ́yìn náà 2. Nígbà tí wákàtí 8 bá pé, igbá 1 péré ló kù. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn ń dín kù nínú ẹ̀jẹ̀. Àkókò tí ìdajì rẹ̀ fi ń lọ ni wọ́n ń pè ní demi-vie lédè Faransé.

Oògùn méjì nínú hóró kan

Oògùn méjì, artéméther àti luméfantrine, ló wà pọ̀ nínú hóró ibà kan tí a ń lò. Artéméther ń yára pa kòkòrò ibà, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ń lọ ní nǹkan bí wákàtí 2 sí 3. Luméfantrine ń pẹ́ ní tirẹ̀: ó tó ọjọ́ 3 sí 6 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Òun ló ń pa àwọn kòkòrò tó ṣẹ́kù. Bí ẹ bá dúró lọ́jọ́ kìíní, kò ní pọ̀ tó. Kòkòrò tó kù yóò tún bí sí i, ibà yóò sì padà.

Bí a ṣe ń lò ó

• Ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn.
• Bí wọ́n bá kọ 20/120 sára páálí, ẹni tó wọn kílò 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò lo hóró 4 lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ọ̀sì yóò wọn ọmọdé kó tó sọ iye tirẹ̀.
• Lẹ́yìn wákàtí 8, ẹ lo ẹlẹ́ẹ̀kejì. Lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, ẹ lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́.
• Ẹ fi oúnjẹ tó lọ́ràá lò ó, bí àkàrà, ẹ̀pà tàbí ọbẹ̀ elépo. Ọ̀rá ló ń jẹ́ kí luméfantrine wọnú ẹ̀jẹ̀ dáadáa.
• Bí ẹ bá bì í kí wákàtí kan tó pé, ẹ tún un lò.
• Bí gìrì bá mú ọmọ, tàbí tí kò lè mu nǹkan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Hóró tí ẹ gbé pamọ́ kò ṣe yín láǹfààní. Kòkòrò ibà ló ṣe láǹfààní.

Ìbéèrè

1. Hóró mélòó ni àgbàlagbà yóò lò ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?
2. Èwo ló ń pẹ́ nínú ara jù nínú oògùn méjèèjì?
3. Oúnjẹ ọlọ́ràá wo ló wà nílé yín?