Ọjà Mi Kì Í Dúró Dè Mí

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, tòmátò ni mo ń tà ní ọjà Mile 12. Aago mẹ́ta òru ni mo máa ń jí kí n lè bá tírélà tó ti òkè Ọya dé. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ọkọ mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, èmi nìkan ni mò ń gbé bùkátà ilé. Ní báyìí, bí mo tilẹ̀ sùn, ó ṣì máa ń rẹ̀ mí ni. Oníbàárà á ná ọjà, màá jágbe mọ́ ọn. Mo máa ń dédé sunkún nínú ọkọ̀. Bí mo bá ní kí n sinmi, tòmátò á jẹrà. Ṣé àìsàn ni àbí ọ̀lẹ?
Ìyá Alátà

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá, Ìyá Alátà. Ọ̀lẹ wo ló ń jí láago mẹ́ta òru? Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé irú ohun tó ń ṣe yín yìí. Wọn ò pè é ní àìsàn. Wàhálà iṣẹ́ tó pẹ́ lára ló ń fà á: á rẹ èèyàn tẹnutẹnu, iṣẹ́ á sú u, ọwọ́ rẹ̀ ò sì ní ká a mọ́. Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ṣúgà náà máa ń mú kó rẹ èèyàn bẹ́ẹ̀.

Oorun ló kàn. Ó kéré tán, wákàtí méje ni àgbàlagbà nílò. Ẹni tó ń jí ní mẹ́ta gbọ́dọ̀ ti sùn láago mẹ́jọ alẹ́. Ta wá ni yóò dáná? Ọkọ yín wà nílé. Ọwọ́ tó ń jẹ àmàlà lè ro ó. Ó sì ṣeé ṣe kí ọkàn tiẹ̀ náà ti rẹ̀wẹ̀sì. Kó rí nǹkan ṣe á ràn án lọ́wọ́.

Ti ọjọ́ ìsinmi, ẹ bá ẹni tó wà ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ yín ṣe é bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣe àáró: kó bá yín tajà lọ́jọ́ kan, kí ẹ̀yin náà bá a tà lọ́jọ́ mìíràn. Apẹ̀rẹ̀ díẹ̀ ni kí ẹ rà lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ọjọ́ ìsinmi yẹn kì í ṣe ọjọ́ aṣọ fífọ̀ tàbí òde ẹbí o. Ìṣọ́ òru ńkọ́? Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà ọ̀sán.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí nǹkan kan ò dùn mọ́ yín, tàbí tó ń ṣe yín bíi kí ẹ kú, ẹ má ṣe fi falẹ̀: ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yaba. Kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Ẹ ní kí ọkọ yín sìn yín lọ.