Bí A Ṣe Ń Wọn Ọwọ́ fún Ẹ̀gbà

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáìkò, ẹ̀kọ́ yìí kan àwa tí a ń fi owó ẹ̀yáwó ra ẹ̀gbà ọwọ́ tà. Ọ̀kan nínú wa ra méjìlá fún àwọn tó ń múra ìgbéyàwó. Márùn-ún kò gba ọwọ́ oníbàárà kọjá, owó ẹgbẹ́ sì há síbẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ni ó wọ̀n.

Ẹ̀gbà líle tí kò ní ojú ìdè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjá lára oríkèé ìka. Kí ẹ tó lọ kó ọjà ní Tíréèdì Féà, ẹ ní kí oníbàárà ká àtàǹpàkò sínú àtẹ́lẹwọ́, bí ẹni tí ó fẹ́ ki ọwọ́ bọ inú akèrègbè. Ẹ fi òwú yí ibi tí ó fẹ̀ jù ká, ẹ nà án sórí rúlà, kí ẹ fi 3.14 pín in. Bí òwú bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, kí ojú ẹ̀gbà fẹ̀ tó 6.4.

Ti ṣéènì yàtọ̀: ẹ wọn ọrùn ọwọ́, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 1.5 kún un. Ìlẹ̀kẹ̀ ńláńlá ń jẹ àyè, ó ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sán ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, nítorí ooru a máa mú ọwọ́ wú. Ọwọ́ ọmọdé sì ń dàgbà; èyí tí ó bá fún un pinpin, ẹ má tà á, bí ìyá rẹ̀ tilẹ̀ ń bẹ̀ yín.