Àgbà Tó Fẹ́ Lọ Gbé ní Ìlú Àdúrà

Láti Ibafo dé Mowe, lójú màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ilẹ̀ àdúrà pọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ìlú Àdúrà ìjọ Mountain of Fire wà níbẹ̀. Ti ẹgbẹ́ Mùsùlùmí NASFAT wà ní Asese. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Káńpù Rìdíìmù, tí wọ́n ń pè ní Redemption City báyìí.

Josiah Akíndayọ̀mí ló dá ìjọ Rìdíìmù sílẹ̀ ní 1952. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Pásítọ̀ Enoch Adébóyè di olórí ìjọ ní 1981. Ní 1983 ni wọ́n ra ilẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́bàá Mowe. Igbó ni nígbà náà. Lónìí, ilé ìgbé, báńkì, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ti wà níbẹ̀. Gáàsì ni wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná tiwọn. Ẹni tó bá ti ń tan jẹnẹrétọ̀ ní Ifọ̀ tàbí ní Ibafo kò ní béèrè ìdí tí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì fi ń fẹ́ lọ gbé níbẹ̀.

Iná nìkan kọ́. Àwọn ọmọ ti lọ sí Kánádà, ilé wá dá páropáro. Láàárín àwọn tí a jọ ń gbàdúrà, bí Màmá kò bá jáde ní òwúrọ̀, ẹnì kan á wá kan ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n káńpù kì í ṣe ilé àwọn àgbà nìkan. Tọmọdé tàgbà ló ń gbé ibẹ̀. Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, èrò á rọ́ wá fún ìsìn Ẹ̀mí Mímọ́, wọn á gbàdúrà mọ́jú. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lè di màrosẹ̀ pa. Ẹ tètè wádìí ibi tí wọ́n lè gbé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú lọ lóru láìgba títì ńlá.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló gba ìbéèrè jù. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹ̀tọ́ láti lò ó ni èèyàn ń rà. Nítorí náà, kí owó tó jáde: ṣé ilé àti ilẹ̀ ni mò ń rà, àbí ilé nìkan? Ṣé mo lè tà á fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ? Bí mo bá kú, ṣé àwọn ọmọ mi lè jogún rẹ̀? Bí mo bá kúrò nínú ìjọ ńkọ́? Ojú máa ń ti àgbà láti bi ẹni Ọlọ́run ní irú èyí. Kí ojú má tì yín. Lọ́yà tiyín ni kó ka ìwé náà, kì í ṣe lọ́yà ẹni tó ń tà á.

Ọ̀tọ̀ ni kí a jọ gbàdúrà, ọ̀tọ̀ ni kí a jọ gbé. Ní Ayétòrò, létí òkun Ìlàjẹ, àwọn onígbàgbọ́ tó tẹ ìlú náà dó ní 1947 kó gbogbo owó àti iṣẹ́ pọ̀. Ìlú náà là gan-an. Síbẹ̀, nígbà tó yá, wọ́n fàyè gba kí oníkálukú ní tirẹ̀. Ní Barnet, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, àwọn obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún bẹ̀rẹ̀ ìpàdé lórí ilé àjọgbé ní 1998. Ọdún 2016 ni wọ́n tó kó wọ inú ilé 25 tí wọ́n fẹnu kò lé lórí. Wọn kì í ṣe ìjọ, àmọ́ wọ́n ti mọ ìwà ara wọn kí wọ́n tó di aládùúgbò. Lójú tèmi, èyí ju ilé tó dára lọ.

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ háyà yàrá níbẹ̀ fún oṣù díẹ̀ kí ẹ tó ta ilé yín. Kí Jímọ̀ àkọ́kọ́ bá yín níbẹ̀. Ẹ ka iye àtẹ̀gùn tó wà, ẹ wo bí omi ṣe ń yọ, kí ẹ sì bi àgbà tó ti ń gbé ibẹ̀ pé: “Nígbà tí ara yín kò yá, ta ló se oúnjẹ fún yín?”