Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀rọ̀ yìí ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí àbúrò mi obìnrin gbé fọ́ọ̀mù MBA (oyè gíga nínú ìmọ̀ ìṣàkóso òwò) síwájú mi nílé wa ní Kabawa, Lọ́kọ́ja. Ọdún méje ló ti fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó, láti inú yàrá rẹ̀ nílé. Orí pẹpẹ gíga ló ń gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí, torí àmì omíyalé ọdún 2022 ṣì wà lára ògiri, ó ga tó àyà mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti sú mi. Ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá lé mi lórí, nítorí pé ó ní MBA."

Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Mo ní kó jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná. Owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ni iye MBA. Bó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, owó oṣù ọdún kan tàbí méjì tí kò ní wọlé wà níbẹ̀, ilé wa sì ń fojú sọ́nà fún owó yẹn lóṣooṣù.

Mo fi ẹni méjì ṣe àpẹẹrẹ fún un, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: fífi owó ránṣẹ́ àti gbígbà á. Tayo Oviosu kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná, ó gba MBA ní Stanford, lẹ́yìn náà ló dá ilé iṣẹ́ Paga sílẹ̀ ní 2009. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ìwé àṣẹ Báńkì Àpapọ̀, ó ń fẹ́ aṣojú káàkiri ìlú, ó sì ń fẹ́ ẹni tó mọ bí a ṣe ń bá olówó sọ̀rọ̀. Shola Akinlade ní tirẹ̀ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Babcock, inú kíkọ ètò ló ti bọ́ sídìí Paystack, èyí tí ilé iṣẹ́ Stripe rà ní 2020 ní iye tó ju mílíọ̀nù igba dọ́là lọ. Ibi tí iṣẹ́ kálukú ti le ló yàtọ̀.

Nítorí náà mo bi í: níbo gan-an ni tìrẹ ti le? Bó bá jẹ́ ìwé ẹ̀rí ni wọ́n fi tilẹ̀kùn mọ́ ọ, kàwé. NOUN, yunifásítì tí a ti ń kàwé láti ilé, ní ibùdó ní Lọ́kọ́ja níbí, o lè máa kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé wọn ò mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni, ibòmíràn wà tí wọ́n á ti mọ̀ ọ́n. Wá ẹni mẹ́ta tó wà nípò tó wù ọ́, kó o bi wọ́n bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀.

Ó dákẹ́ pẹ́. Ó yí fọ́ọ̀mù náà dojú dé, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sẹ́yìn rẹ̀: "Mo fẹ́ wà níbi tí wọ́n ti ń pinnu ohun tí a ó kọ." Orúkọ ẹni méjì tẹ̀ lé e. Ẹnìkẹta ló ń rò lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n mú iná lọ.