Omi Ni Kò Hó: Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ lórí Ìbínú Ìdí Oúnjẹ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìjà ìdí oúnjẹ kì í sábà jẹ́ ìjà ńlá. Tíì tó ti tutù, ẹ̀bà tó ní kókó, ẹran tó kéré, àtàǹpàkò tó bọ́ sínú ọbẹ̀: ta ni yóò gbé irú èyí lọ sí kóòtù? Síbẹ̀, mo ti rí tọkọtaya tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́ nítorí iyọ̀. Mo sì mọ àwọn ẹbí tí wọ́n ṣì ń sọ ẹran tí kò kàn wọ́n níbi ìsìnkú tí àwọn ọmọ olóòkú gan-an ti gbàgbé. Àwọn àgbà kò kúkú purọ́ tí wọ́n ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́.

Bí kókó bá bọ́ sí wa lẹ́nu, ọkàn wa a máa bi wá pé, "Ṣé bí wọ́n ṣe kà mí sí nìyí?" Nígbà púpọ̀, kò sẹ́ni tó rò ọ́ ní ibi, omi ni kò hó. Nígbà mìíràn, owó ni kò tó. Ìgbà díẹ̀ ló jẹ́ pé ìwọ̀sí ni lóòótọ́. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á jẹun pẹ́, ọ̀rẹ́ ò sì ní wọ́n ọn. Nítorí náà ni mo ṣe to àwọn ìmọ̀ràn yìí kalẹ̀ fún yín.

1. Ẹ mọ iṣẹ́ oúnjẹ kí ẹ tó bínú sí oúnjẹ.

Àmàlà tó bá ní kókó, bóyá omi kò tíì hó dáadáa kí wọ́n tó da èlùbọ́ sí i, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n da èlùbọ́ sí i tán, wọ́n wá lọ dáhùn fóònù. Èlùbọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá ti kan omi, orógùn gbọ́dọ̀ máa lọ. Ẹ̀bà tí gààrí rẹ̀ kò wú, omi rẹ̀ ti ń tutù kí gààrí tó wọ inú rẹ̀. Ewédú tí kò yọ̀ mọ́, ó ti pẹ́ jù lórí iná. Gbẹ̀gìrì tó kan, ẹ̀wà kì í fara da ooru, àná ni wọ́n ti sè é. Kò sí ìwọ̀sí kankan nínú gbogbo èyí. Ẹ kọ́ bí a ti ń ṣe é, àti ọkùnrin àti obìnrin yín. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti di orógùn mú rí kì í yára bú alásè.

2. Ẹ má jà lórí èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ wọ ife.

Bí ẹ bá da mílíìkì oníyẹ̀fun sínú omi gbígbóná lẹ́ẹ̀kan náà, yóò dì. Ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò ó ná, kí ẹ tó da èyí tó gbóná lé e. Ìyẹn nídìí. Ṣùgbọ́n bóyá ṣúgà ló ṣáájú ni o, bóyá Milo ni o, ìyẹn kò tó ìjà.

Ẹ má rò pé àwa nìkan la wà nínú rẹ̀. Ní 1946, George Orwell, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, to òfin 11 sínú ìwé ìròyìn Evening Standard ní Lọ́ńdọ̀nù lórí bó ṣe yẹ kí èèyàn po tíì. Ó ní tíì ni kó kọ́kọ́ wọ ife, kí mílíìkì tẹ̀lé e, kí ṣúgà sì jìnnà sí i. Ní 2003, nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n bí i, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ilẹ̀ wọn, Royal Society of Chemistry, gbé èsì jáde pé rárá, mílíìkì ni kó ṣáájú, torí pé tíì tó gbóná gan-an máa ń ba èròjà inú mílíìkì jẹ́ bí wọ́n bá da mílíìkì lé tíì lórí. Bí àwọn tó ń mu tíì láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ kò bá tíì fẹnu kò, kí ni ìwọ àti àbúrò rẹ ń pariwo lé lórí? Kí olúkúlùkù po tirẹ̀.

3. Bí wọ́n bá pè yín wá jẹun, ẹ tètè dìde.

Ẹni tó gúnyán ti làágùn tán, ó ti bu ọbẹ̀, ó ti gbé omi ìfọwọ́ sílẹ̀. "Mò ń bọ̀, mò ń bọ̀" ni tiyín, ẹ ń wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ẹ ó bá fi jókòó, iyán ti le, epo ti dì lójú ọbẹ̀, ẹ ó wá máa bèèrè pé ta ló gbé oúnjẹ tútù fún yín. Ẹ̀yin náà ni.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n á kù gìrì mọ́ ọn, tí ahọ́n wọn á bó, tí wọ́n á wá máa bínú sí ẹni tó gbé e wá. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ wo Mállàmù onítíì ẹ̀gbẹ́ títì: á gbé ife kan sókè, á mú èkejì sísàlẹ̀, á máa da tíì láti inú ọ̀kan sí èkejì títí ìfófó yóò fi bo ojú rẹ̀, tí ooru yóò sì rọlẹ̀. Ó mọ ohun tí a ń fi ooru ṣe.

4. Búrẹ́dì rẹ, ife rẹ.

Búrẹ́dì Agége rírì bọ inú tíì dùn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mu ṣẹ́kù nínú ife yẹn, ẹ̀rún búrẹ́dì ni yóò bá nísàlẹ̀, òróró bọ́tà á sì máa léfòó lójú rẹ̀. Ìjà tọmọ-tọmọ pọ̀ lórí èyí. Ẹ rántí pé àlejò ni búrẹ́dì àti tíì jẹ́ nílé wa. Ọdún 1921 ni Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó kọ́kọ́ wá ṣiṣẹ́ rélùwéè, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì ní Èkó, tí búrẹ́dì sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀. Àwọn baba ńlá wa kò fi òfin kankan sílẹ̀ lórí bí a ó ṣe jẹ ẹ́, nítorí náà ẹ jókòó, kí ẹ ṣe òfin tiyín. Ẹni tó bá ń ri búrẹ́dì, kó ní ife tirẹ̀. Ó tán.

5. Ẹ má fi ẹnu tẹ́ oúnjẹ ìlú onílùú.

Ará Èkìtì kò ní gbà pé èèyàn jẹun bí kò bá tíì jẹ iyán. Ará Ìbàdàn ń wá àmàlà àti àbùlà. Láfún funfun ni ti Ẹ̀gbá; Ìjẹ̀bú ní ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n fi ewùrà sè. Bí ẹ bá ṣe àlejò lọ sí Ìjẹ̀bú tí ẹ sọ pé gààrí wọn kan jù, ohun tí wọ́n fi ń yangàn lẹ ń bú yẹn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rírin náà pẹ́ kó kan ni, òun ló fi dùn ún mu pẹ̀lú omi tútù àti ẹ̀pà. Bí kò bá bá yín lára mu, ẹ jẹ díẹ̀, ẹ dúpẹ́. "Mo ti yó" kò ba ọ̀rẹ́ jẹ́ rí.

6. Bí tíì bá ṣàn, ẹ wo àpò ẹni tó pò ó.

Ọmọ ilẹ̀ kòkó ni wá. Owó kòkó àti irè oko mìíràn la fi kọ́ ilé alájà 26 sí Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1965. Síbẹ̀, lónìí, ìyá ọlọ́mọ ń fi ṣíbí ka Milo sínú ife nítorí iye tí agolo kan ń lọ. Bí ẹ bá dé ilé ènìyàn tí tíì rẹ̀ mọ́ gaara débi pé ẹ rí ìdí ife, ẹ mu ún, kí ẹ ní, "Ẹ ṣeun, ma." Ẹni tó ní díẹ̀ tó tún bu nínú rẹ̀ fún yín ti ṣe yín lálejò. Bó bá kan ẹ̀yin láti ṣe àlejò, ife mélòó kan tó dùn sàn ju ìkòkò tíì tó ń ṣàn lọ. Ẹ jẹ́ kí àlejò mu, kí ará ilé mu ẹ̀kọ gbígbóná. Kò sẹ́ni tí ẹ̀kọ àti àkàrà ń tì lójú.

7. Nídìí olóúnjẹ, ẹ sọ̀rọ̀ kí ó tó bù ú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ọbẹ̀ yẹn láti ìsàlẹ̀." "Ṣàkì ni kí ẹ fún mi, ẹ má fi fùkù sí i." Bí ẹ bá ti sọ èyí ṣáájú, ọ̀rọ̀ tán. Bí ẹ bá dúró kó bù ú tán kí ẹ tó yọjú, ẹ ti fi í sínú ìdààmú, torí kò lè da ọbẹ̀ tó ti kan àwo yín padà sínú ìkòkò. Ẹ má pòṣé sí i, ẹ má ta ìka pè é. Ènì kì í ṣe gbèsè. Bó bá fi lé e, ẹ kí i, bí kò bá fi lé e, ẹ san owó yín. Ẹ sì mú owó wẹ́wẹ́ lọ, kí ọ̀rọ̀ ṣéńjì má ba ohun tí ẹ jẹ jẹ́.

8. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín mọ́, kí ó sì mọ̀wà.

Omi ìfọwọ́ ló ń ṣáájú oúnjẹ. Ẹ kọ́kọ́ gbé e dé ọwọ́ àgbà. Ìsàlẹ̀ àwo la ń dì mú, kì í ṣe etí rẹ̀, kí àtàǹpàkò má baà wẹ̀ nínú ọbẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ òsì gbé oúnjẹ fún ènìyàn. Bí a bá jọ ń jẹ nínú àwo kan, iwájú ẹni la ti ń bu òkèlè; ẹni tó bá ń na ọwọ́ kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ń wá ẹran ni, gbogbo wa la sì mọ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n gbé àwo pẹ̀lú àtàǹpàkò wá fún yín níta, ẹ pe ẹni tó gbé e wá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ bá a sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ má kígbe débi tí iṣẹ́ yóò fi bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

9. Ẹ ro ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ta ló ń dá agolo mílíìkì tó ti gbẹ padà sínú fíríìjì? Ta ló ń fi ọbẹ̀ tí kò tó ẹnu kan sílẹ̀ nínú ìkòkò, kí ó má baà di pé òun ni yóò fọ̀ ọ́? Ẹ jẹ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń gbé ilé kan ní yunifásítì, ẹran tí ẹ kò mọ ẹni tó ni ín, ẹ bèèrè. Mo sì ní tiwa àgbà láti sọ: àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Baba tó bá jẹ iwe adìẹ, tó jẹ itan, tó tún la àwo mọ́ níṣojú ọmọ tó dúró tì í, kó má bínú bí ọmọ náà bá pẹ́ kó tó gbé omi wá.

10. Ẹ jẹ nǹkan kí ẹ tó lọ sóde ìnáwó.

Alásè kan kò lè bu ìrẹsì fún gbogbo tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlòmíràn yóò jẹ ní aago kan, ẹlòmíràn ní aago mẹ́rin. Bí kò bá tíì kàn yín, ẹ rán ẹnìkan sí ẹni tó pè yín, ẹ má dìde lọ dojú kọ alásè nídìí ìkòkò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé aṣọ ẹbí ni àwọn agbóúnjẹ ń wò kí wọ́n tó gbé àwo sílẹ̀, tí wọ́n ń fo àgbàlagbà tó wọ aṣọ tirẹ̀ wá kọjá, ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ fi àwo tiyín sí iwájú àgbàlagbà náà. Lẹ́yìn tí òde bá ti tú, tí ara bá ti rọ olóde, ẹ lọ bá a, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún un.

11. Ẹ mọ ibi tí ìbínú yẹ.

Àwọn ilé kan wà tí ọmọ ọ̀dọ̀ ti ń se ọbẹ̀ tí kò ní jẹ. Ife rẹ̀ lọ́tọ̀, àwo rẹ̀ lọ́tọ̀. Búrẹ́dì tó ti gan ni tirẹ̀. Tíì rẹ̀ ni omi tí wọ́n fi ṣan ife àwọn ọmọ ilé. Omi hó nílé yẹn o, owó ẹran sì wà. Ẹni tí wọ́n ń ṣe èyí sí kò lè sọ̀rọ̀, nítorí ojú ló ń bà á. Gbogbo ìbínú tí mo ní kí ẹ gbé mì lórí iyọ̀ àti kókó, ibí ni kí ẹ ná an. Ọmọdé kì í pàṣẹ fún ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè kúnlẹ̀, kó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí jẹ nínú ohun tí à ń jẹ." Bí Màmá bá gbọ́, ẹ dúpẹ́. Bí wọn kò bá gbọ́, ẹ pín tiyín sí méjì, kí ẹ fún un ní ìdajì, lójú gbogbo ará ilé.

Oúnjẹ kò ní wọ́n yín, ẹnu yín kò sì ní kọ oúnjẹ.